Ṣé ó yẹ kí n san ₦300,000 kọ́ ṣíṣe orin lórí kọ̀ǹpútà?

Olùbéèrè_Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ẹni ń gba àbúrò rẹ̀ nímọ̀ràn. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, afro house àti amapiano ni mo sì ń ṣe jù. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ń lò, pẹ̀lú FL Studio, sọ́fítíwià orin ṣíṣe tí mi ò tíì sanwó rẹ̀: mo lè fi ṣe orin, mo sì lè yọ orin náà jáde, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa á dé báyìí, mi ò lè ṣí iṣẹ́ náà padà láti tún un ṣe, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nínú owó àgùnbánirọ̀ àti owó fóònù tí mò ń tún ṣe, mo ti tọ́jú ₦350,000. Mo wá rí ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní 200 dọ́là, fídíò 60 wákàtí ni, wọ́n sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ní ìparí. Ká ní ayé ìgbà tí dọ́là kan ń jẹ́ nǹkan bí ₦460 ni, kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ₦92,000 ni ǹ bá san. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ₦1,500 sí dọ́là kan, ₦300,000 ni, ₦50,000 péré ni yóò sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi ní bí mo bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí n wá ọ̀gá lọ bá, pé òun ò rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ fídíò rí.

Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an ni pé orin mi máa ń dùn létí mi nínú hẹ́dífóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dàrú, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń lu agbá lábẹ́ omi. Mo ti wo fídíò ọ̀fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Ṣé kí n san owó náà?

Tanimọ̀la_Ṣómólú

Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan owó yẹn. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ. Ní ọdún 2022, mo san ₦80,000 fún ẹnì kan tó ń polówó ara rẹ̀ lórí Instagram pé òun yóò kọ́ wa ní ṣíṣe orin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí mo máa wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp tó kó wa sí, àwa tó lé ní ọgọ́rùn-ún la wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀kan nínú wa rí fídíò kan lórí YouTube tó jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa gan-an, olówó ọ̀fẹ́, ohùn ọ̀gá wa nìkan ni wọ́n gbé lé e lórí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo béèrè pé kí ló dé tí kíìkì mi, ìyẹn ìlù ńlá tó ń dún gbì nísàlẹ̀ orin, máa ń sọnù nígbà tí báàsì bá wọlé. Ó dá mi lóhùn pé ìbéèrè kíláàsì àwọn àgbà nìyẹn, àti pé ₦120,000 ni kíláàsì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí èsì kankan gbà mọ́.

Kì í ṣe pé mò ń sọ pé gbogbo olùkọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, owó mi kò sì ra ìdáhùn rẹ̀.

Olùkọ́_Bódìjà

Ẹ kú àforítì o, Tanimọ̀la. Iṣẹ́ kí á kọ́ni ní orin ṣíṣe ni mò ń ṣe, mi ò sì ní dárúkọ ibi tí mo ti ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjà ni mo wá pa níbí. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà sísan owó díẹ̀, kí n sì tún sọ ibi tí kò ti yẹ kí ẹ san án.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ bí yanrìn, ṣùgbọ́n kò létò. Ẹni tó bá fi YouTube nìkan kọ́ṣẹ́ a máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ogójì nǹkan láìmọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi compressor, ohun tó ń tẹ ìró tó bá ga jù wálẹ̀, sórí ìlù, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sọ ohun tó yí padà fún mi, wọn kì í lè sọ. Olùkọ́ tó dára ló ń to ẹ̀kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé lè ti èkejì lẹ́yìn.

Àbúrò, béèrè ohun kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ 200 dọ́là yẹn: ta ni yóò gbọ́ orin mi? Bí wọ́n bá ní kò sí, ìwé ni wọ́n ń tà fún ọ, ìwé ọ̀fẹ́ sì wà. Iléeṣẹ́ Ableton ti ìlú Berlin ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Learning Music, ọ̀fẹ́ ni, inú búráwúsà lo ti máa fọwọ́ ara rẹ to ìlù àti báàsì láìṣe pé o ra sọ́fítíwià kankan. Wọ́n tún ní Learning Synths fún bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣẹ̀dá ohùn. Ilé-ẹ̀kọ́ Berklee ti Boston náà gbé ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣíṣe orin sórí Coursera, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá wá jẹ́ olókìkí lo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, deadmau5 àti Armin van Buuren ti kọ́ni lórí MasterClass. Ẹ óò rí bí àwọn èèyàn náà ṣe ń ronú, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò gbọ́ orin yín láéláé nínú wọn.

Ẹni mẹ́fà ni mo máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ₦150,000. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni olúkúlùkù máa ń gbé orin rẹ̀ wá, tí a ó jọ jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Etí tí mò ń yá wọn yẹn ni wọ́n ń sanwó fún.

Àdùkẹ́_Peckham

Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì san owó tó pọ̀ ju ti gbogbo yín lọ. Odidi ọdún kan ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí nílé-ẹ̀kọ́ kan níbí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì fi san án. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀, n ó ní rárá, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, mo lè rí ìlàjì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ṣì wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Àwọn tó ń gbéni sórí pèpéle àti àwọn tó ń gbé orin jáde, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń sọ: jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí gbà ni yàrá tí wọ́n tọ́ ògiri rẹ̀ fún ìró, níbi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ báàsì bó ṣe rí gan-an, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí a ṣì jọ ń ṣe orin títí di òní.

Ó ti rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ wá. Juan Atkins, tí gbogbo ayé gbà pé ó wà lára àwọn tó dá orin ijó techno sílẹ̀ ní Detroit, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò lókìkí rárá, Washtenaw Community College. Ibẹ̀ ló ti pàdé Rik Davis, ẹni tó jù ú lọ dáadáa, tó ti ní àwọn ẹ̀rọ synthesizer (ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn) tirẹ̀ nílé. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ orin Cybotron sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Atkins yìí kan náà ló sì fi iṣẹ́ náà han Derrick May. Ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì ni iṣẹ́ náà gbà. Nítorí náà, bí ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó bóyá èèyàn wà nínú rẹ̀.

Olùbéèrè_Àkúrẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kọ̀wé sí wọn bí Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ṣe ní kí n béèrè. Wọ́n ní àyè wà lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í gbọ́ orin ẹnikẹ́ni. Mo wá gbé orin mi tó ń dàrú nínú mọ́tò síbí, pẹ̀lú kíìkì, báàsì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá ẹnikẹ́ni lè ràn mí lọ́wọ́. Ohùn A ni orin náà dúró lé. Log drum inú rẹ̀, ìyẹn báàsì amapiano tó ń dún bí ìlù, plugin (ohun èlò inú sọ́fítíwià) DX10 tó wà nínú FL Studio fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe é.

Ẹnjiníà_Sùúrùlérè

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta: nínú ẹ̀rọ sítúdíò mi, nínú mọ́tò mi, àti lórí fóònù. Àbúrò, orí rẹ pé fún iṣẹ́ yìí, orin náà dùn. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe é, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ₦300,000.

Èkíní, kíìkì rẹ àti log drum rẹ ń du ìjókòó kan ṣoṣo. Ohùn A tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ìgbà 55 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibẹ̀ gan-an sì ni ikùn kíìkì tí o yàn, ibi tí ìró rẹ̀ ti wúwo jù, wà. Bí méjèèjì bá bọ́ sórí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn wọ́n á ti ara wọn lẹ́yìn, ìró á wú. Nígbà mìíràn wọ́n á pa ara wọn, kíìkì á sì sọnù pátápátá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tanimọ̀la náà nìyẹn, ìdáhùn tí wọ́n ní kó lọ fi ₦120,000 rà ni mo fi gbólóhùn mẹ́ta sọ yìí. Kò hàn sí ọ nínú hẹ́dífóònù nítorí pé hẹ́dífóònù rẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìsàlẹ̀ jáde, o sì ń fi kún un kí o tó lè gbọ́ ọ. Inú mọ́tò kéré, ó sì pa mọ́, ó máa ń wú ìró ìsàlẹ̀ sókè. Àfikún tìrẹ wá pàdé àfikún ti mọ́tò.

Lọ yan kíìkì mìíràn tí ikùn rẹ̀ ga ju ti báàsì lọ díẹ̀, tàbí kí o gbé ohùn èyí tí o ní sókè. Lẹ́yìn náà, lo sidechain: jẹ́ kí báàsì máa forí balẹ̀ fún kíìkì nígbàkigbà tí kíìkì bá ti wọlé, kó sì dìde kíákíá bó bá ti kọjá. Má jẹ́ kí ìforíbalẹ̀ náà pẹ́ jù, torí pé log drum gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú amapiano. Bí o bá fún un lọ́rùn, o ti pa orin náà.

Èkejì ló jọ mí lójú jù. O fi reverb, ìyẹn gbohùngbohùn, sórí log drum. Mo mọ ìdí: ó dà bíi pé ó ń fẹ orin náà lójú. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn báàsì kì í tètè kú, ó máa ń rá pálá nílẹ̀ títí ìlù tó kàn á fi dé bá a, wọ́n á sì jọ di ẹrẹ̀. Omi tí o ní o ń gbọ́ nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò. Bí o kò bá lè ṣe aláìní in, gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 200 Hz (ìgbọ̀n 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) kúrò nínú gbohùngbohùn náà.

Ẹ̀kẹta, o ti ti orin náà mọ́ òkè àjà pẹ̀lú limiter, ohun tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá òdiwọ̀n kan, kó lè pariwo. Spotify yóò kàn fà á padà sí nǹkan bíi -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó) bákan náà ni. Ariwo náà kò ní bá ọ débẹ̀, ṣùgbọ́n ìpalára tó ti ṣe fún kíìkì yóò bá ọ débẹ̀.

Lórí owó: ra sọ́fítíwià náà ná. Ẹ̀dà tó kéré jù nínú FL Studio jẹ́ nǹkan bí 100 dọ́là, àtúnṣe ọjọ́ iwájú rẹ̀ kò sì ní ná ọ ní kọ́bọ̀ mọ́ títí ayé. Báwo lo ṣe fẹ́ kọ́ àtúnṣe nígbà tí o kò lè ṣí iṣẹ́ àná? Ìdá kejì iṣẹ́ wa kò ju kí á padà sídìí ohun tí a ti ṣe lọ.

ỌmọÀyàn_Ìbàdàn

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìyá rẹ sọ, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìdílé onílù ni wọ́n ti bí mi. Gúdúgúdú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, ọdún mélòó kan ni mo sì fi ń tẹ̀ lé baba mi kiri òde kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ìyáàlù. Kò sẹ́ni tó gba náírà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́: mo gbé ìlù, mo fọ aṣọ, mo jí ní ìdájí, mo sì ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún ara wọn nígbà tí wọ́n bá ṣì í lù. Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí tí wọ́n ṣì lù yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Mo gbọ́ orin rẹ. Ẹnjiníà ti sọ ti ìsàlẹ̀, èmi yóò sọ ti òkè. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ dúró gbọnrangandan. Gbogbo ìró rẹ̀ lo ti fi quantize tẹ̀ mọ́ orí ìlà, èyí sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ òyìnbó tí mo ti wò máa ń kọ́ ẹni ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ́tótó. Kọ́ńkóló tí agogo wa ń lù kò bọ́ sórí ìlà mẹ́rìndínlógún ọgbọọgba tí wọ́n yà sójú sọ́fítíwià yẹn. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń rìn, ẹni tó bá mọ ọwọ́ rẹ̀ a sì máa fi díẹ̀ ṣáájú tàbí kí ó fi díẹ̀ kẹ́yìn. Pa quantize ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan, fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì fi sílẹ̀ bó ṣe bá jáde. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ṣe ní Berlin tàbí Los Angeles lè kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn sọ́fítíwià, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ agogo yìí dàgbà.

Tanimọ̀la_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, mo ṣí iṣẹ́ mi ti ọdún 2022 lálẹ́ àná, mo sì tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ. Kíìkì náà ti padà wá. Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, mo ní ìbéèrè kan tí kì í ṣe ti ìjà: bí ẹnì kan bá san ₦150,000 fún yín, tí ó rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò bá òun lára mu, ṣé ẹ máa ń dá owó padà? Àti pé ẹ bá wa ka iná àti dátà mọ́ ọn. Bí àbúrò wa bá wo fídíò 60 wákàtí kí ó mọ́ lójú dáadáa, wákàtí kan lè jẹ tó GB 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sára owó tí wọ́n polówó, ká má tíì wá sọ ti epo jẹnẹrétọ̀.

Olùkọ́_Bódìjà

Ìbéèrè tó yẹ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo máa ń dá gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni náà bá fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò kì í dá a padà, nítorí pé mo ti fi àyè ẹlòmíràn fún un. Ẹnikẹ́ni tí kò bá lè sọ fún yín kí ẹ tó sanwó pé iye èèyàn báyìí ló wà ní kíláàsì, pé òun fúnra òun yóò gbọ́ orin yín ní iye ìgbà báyìí, ẹ má fún un lówó. Ti iná, òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe tèmi lójúkojú.

Olùbéèrè_Àkúrẹ́

Mo ra FL Studio. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, mo pa orin kan dé ní alẹ́ ọjọ́rú, mo sì ṣí i padà ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo yọ reverb kúrò lórí log drum, mo gbé ohùn kíìkì sókè díẹ̀, mo sì fọwọ́ tẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún títí ìka fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀bà-Ilé. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn tún ohùn rẹ̀ yí sókè.

Ìyá mi ní kí n kí gbogbo yín, pé ọ̀gá ni mo rí yẹn. Mo ṣì ní nǹkan bí ₦200,000 lọ́wọ́, mo sì ti bá Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó máa wọlé tẹ̀ lé ti ìsinsìnyí, nítorí pé Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn kò jìnnà jù fún gbogbo Sátidé.

Mo ti gbé ẹ̀dà tuntun náà síbí. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, láti ìṣẹ́jú kejì sí ìkẹta ni kí ẹ bá mi fetí sí, torí pé ó ń ṣe mí bíi pé kíìkì ti wá pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí.